Ẹ̀bùn-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀yáwó kì í sì í ṣe ìrànwọ́

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe sikọ́láṣíìpù ní “ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́” lórí rédíò. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn láìgba owó: ọmọ kò kọ ìwé béèrè, kò sì bá ẹnikẹ́ni dupò. Sikọ́láṣíìpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tàbí àjọ kan ni ó ya owó sọ́tọ̀, àwọn tí ń wá a a sì máa pọ̀ ju àwọn tí yóò rí i lọ. Owó ilé ìwé náà kò di ọ̀fẹ́. Ẹlòmíràn ni ó bá ọmọ san án.

Nítorí náà ni mo ṣe dúró lórí “ẹ̀bùn-ẹ̀kọ́” gẹ́gẹ́ bí orúkọ sikọ́láṣíìpù ní Yorùbá. Àwọn tí ń bá mi jiyàn sọ pé ẹ̀bùn kì í ní májẹ̀mú, wọ́n sì gbé “owó ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dáńtọ́” kalẹ̀, gbólóhùn tí yóò ti já lẹ́nu ìyá ọlọ́jà kí ó tó délé. N kò gbà fún wọn. Bí ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan bá ní ilẹ̀ tí kò sì ní ebu, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá kó ọgọ́rùn-ún ebu iṣu fún un, ẹ̀gbọ́n bàbá náà lè máa yọjú sí oko láti wò bóyá ó ń roko. Bí ó bá bá igbó níbẹ̀, kò ní kó òmíràn fún un ní ọdún tí ń bọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bùn ni ebu náà, nítorí pé nígbà tí iṣu bá ta, kò sí ẹni tí yóò wá kà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni MTN Foundation, àjọ ìtọrẹ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù MTN, ṣe máa ń san sikọ́láṣíìpù tirẹ̀ lọ́dọọdún, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá jẹ́ kí èsì rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ó yá ebu, ebu ẹni tí ó yá a ni yóò kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ nígbà ìkórè.

Ìyàtọ̀ tí àwọn kan ń fà láàárín sikọ́láṣíìpù àti bọ́sárì àti gíráńtì, àwọn oríṣìí owó mìíràn tí a ń fún akẹ́kọ̀ọ́, kò jẹ mí lógún, nítorí pé a kì í sábà dá èyíkéyìí nínú wọn padà.

Ibi tí àṣìpè ti ń ṣe ìpalára ni owó NELFUND, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí òfin rẹ̀ gba ìbuwọ́lù ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe ọdún 2024, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní “ìrànwọ́ ìjọba”. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ilé ìwé náà fún tààrà. ₦20,000 owó oúnjẹ lóṣooṣù nìkan ni ó ń wọ àpò akẹ́kọ̀ọ́. Owó tí ọmọ kò fojú rí, tí kò ní èlé, tí a tún wá pè ní ìrànwọ́, báwo ni òbí rẹ̀ yóò ṣe mọ̀ pé gbèsè ni, àti pé ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan án padà yóò bẹ̀rẹ̀?

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀, nínú lẹ́tà kan náà ni yunifásítì sábà máa ń to Pell Grant, ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀ tí kò ju $7,395 lọ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, mọ́ ẹ̀yáwó tí ó ní èlé àti iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe gbowó. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní “ìrànwọ́ owó”, ìyá ọmọ yóò ka ẹ̀yáwó mọ́ ẹ̀bùn.

Mo bẹ àwọn tí ń kọ ìkéde fún àwọn òbí wa pé kí wọ́n kọ “ẹ̀yáwó” gàdàgbà sí iwájú orúkọ NELFUND, kí wọ́n sì kọ ìgbà tí sísan padà yóò bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.