Ṣé gbogbo tẹ́tẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ Ìjọ Àgùdà?

Bí ìkórè bá dé, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ráfù ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, kì í pẹ́ tí ẹnì kan fi máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin Àgùdà yìí, tẹ́tẹ́ lẹ̀ ń ta nílé Ọlọ́run yẹn." Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo tẹ́tẹ́. Àwọn Àgùdà kan náà sì wà tó jẹ́ pé, bí fádà bá ti ta ráfù, àwọn lè máa ta Baba Ìjẹ̀bù láràárọ̀ nìyẹn. Kò séyìí tó tọ́ nínú méjèèjì.

Kátíkísìmù, ìyẹn ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà, tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní 1992 sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ 2413. Tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ kò tako òdodo. Ìgbà tó bá gba ohun tí èèyàn fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì ló di àìtọ́. Ó kìlọ̀ pé ó lè sọni dẹrú. Màgòmágó inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀ràn ńlá, àfi bí àdánù rẹ̀ ò bá tó nǹkan.

Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n tò ó sí: abẹ́ òfin keje bí Àgùdà ṣe ń kà á, "Má jalè". Owó ta lo fi ta á? Ìyẹn ni kókó. Bàbá tó fi owó ilé-ìwé ọmọ ta lọ́tò ti mú owó olówó, ì báà jẹ ẹ́ ì báà má jẹ ẹ́.

Àwọn póòpù pàápàá ò fi gbogbo ìgbà fẹnu kò lórí rẹ̀. Benedict Kẹtàlá fòfin de lọ́tò ní Róòmù. Clement Kejìlá tó jẹ tẹ̀ lé e dá a padà ní 1731, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ìsun omi Trevi, tí àwọn àlejò ń ju owó sí títí dòní. Ó jọ mí lójú.

Ní ti "two sure" tiwa ńkọ́? Nọ́ńbà 90 ló wà, márùn-ún ló ń jáde. Bí o bá mú méjì, nínú nǹkan bí 400 ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni méjèèjì máa bọ́ sí i. Ìlọ́po 240 ni wọ́n ń san. Ọgọ́rùn-ún náírà á wá di 24,000, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 40,000 ni ì bá jẹ́ ká ní kò sí èrè alátẹ́tẹ́ nínú ẹ̀. Wọn ò fi bò, n ò ní pè é ní màgòmágó. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi í wá owó tó máa fi gbọ́ bùkátà ìyá àti ọmọ rẹ̀ ń jìn sí kòtò.

Ráfù ìkórè yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ọrẹ lòun ń ṣe, fíríìjì tó bá jẹ, èènì ni. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ bá kó odidi búkù lé opó lọ́wọ́, pé dandan ni kó tà á tán tàbí kó fi owó ara rẹ̀ dí i, ìpínrọ̀ 2413 kan náà ló ń bá wọn wí.