Brian Lara

Brian Charles Lara jẹ́ eléré kríkẹ́ẹ̀tì ọmọ orílẹ̀-èdè Trinidad àti Tobago tó gbá fún West Indies, ikọ̀ tí àwọn erékùṣù Karíbíánì jọ ní, láti 1990 títí di 2007. Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1969 ni wọ́n bí i. Òun ló ni 400, ayò tó ga jù tí ẹnì kan ṣoṣo tíì kó jọ nínú Test, ìyẹn kríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún tí orílẹ̀-èdè fi ń kojú ara wọn, òun náà ló tún ni 501 tó gbá nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sí ìdíje ńlá kankan tí wọ́n ti gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó lé e jáde nínú méjèèjì. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn ìràwọ̀ yòókù ni pé àsìkò tí ikọ̀ ẹ̀ ń jó àjórẹ̀yìn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Fún ẹni tí ò bá mọ kríkẹ́ẹ̀tì dáadáa, eléré mọ́kànlá mọ́kànlá ni, ikọ̀ kan á máa gbá, èkejì á máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń gbá á dúró síwájú igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n wá gbé igi kéékèèké méjì lé lórí, tí igi kéékèèké yẹn bá ti já bọ́, ó ti jáde nìyẹn. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù tó sì sáré dé òdìkejì, run kan. Tí bọ́ọ̀lù bá yí lórí ilẹ̀ dé ààlà pápá, mẹ́rin. Tó bá fò kọjá ààlà láì kanlẹ̀, mẹ́fà. Ẹni tó bá kó 100 jọ kó tó jáde, gbogbo pápá á dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ wá fi ìyẹn wo 400.

Abúlé Cantaro ní Santa Cruz ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òun lọmọ kẹwàá nínú mọ́kànlá tí Bunty àti Pearl Lara bí. Ní Trinidad yìí, àwọn kan ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun títí dòní, torí àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ọkọ̀ òkun kó débẹ̀, àmọ́ kríkẹ́ẹ̀tì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá leré tí ọmọdé ibẹ̀ ń gbá ní gbogbo ìgboro. Lara ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Agnes, fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Harvard Coaching Clinic, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di bàátì mú ní ọjọọjọ́ Sunday, baba ẹ̀ ò sì fi í sílẹ̀ rárá. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ó wọ Fatima College ní Port of Spain, kóòṣì ibẹ̀, Harry Ramdass, gbà á tọ́, ọdún yẹn náà ló kó 745 run jọ nínú líìgì àwọn ọmọ iléèwé. Bunty kú ní 1989, àsìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọmọ ẹ̀ sí ikọ̀ West Indies ni, Lara sì fi ikọ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn torí ikú baba ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀ Trinidad, ọmọ ogún ọdún péré, kò sẹ́ni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó di ipò yẹn mú rí.

Ó gbá Test àkọ́kọ́ ẹ̀ ní Lahore, Pàkísítàánì, ní oṣù Kejìlá 1990, ó sì kó 44. Ikọ̀ tó wọ̀ yẹn kì í ṣe ikọ̀ lásán o, láti 1980 kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó borí wọn nínú ọ̀wọ́ Test, ìyẹn àwọn Test tí orílẹ̀-èdè méjì ń gbá tẹ̀léra, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí Ọsirélíà fi wá gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1995. Oṣù Kìíní 1993 ni gbogbo ayé tó mọ ẹni tí Lara jẹ́, nígbà tó kó 277 ní Sydney kí wọ́n tó lé e jáde níbi tó ti ń sáré. Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ tó máa gbá nínú Test rèé o, ó dùn mọ́ ọn débi pé Sydney lorúkọ tó sọ ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbá, á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á gbé bàátì ẹ̀ sókè réré, tó bá wá jù ú sílẹ̀ bọ́ọ̀lù á ti dé ààlà káwọn tó ń ṣọ́ ọ tó ṣípò padà.

Ọdún 1994 ni ọdún ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, ní pápá Antigua Recreation Ground, ó ń gbá sí Íńgíláǹdì, ó sì dé 365, iye tí Garfield Sobers ọmọ Barbados ti kó láti 1958 tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọjá. Chris Lewis ju bọ́ọ̀lù kan tó ta sókè, Lara yí ara padà, ó nà án lọ sí ààlà, mẹ́rin, 369. Àwọn tó tún fídíò yẹn wò dáadáa rí i pé bó ṣe ń yí padà ẹsẹ̀ ẹ̀ kan igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀, igi kékeré orí ẹ̀ sún kúrò láàyè ẹ̀ ṣùgbọ́n kò já bọ́. Ká ní ó já bọ́ ni, ibi tí Sobers dúró sí lòun náà ì bá dúró sí. Sobers fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀, ó rìn wọ pápá wá dì mọ́ ọn, Lara kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ilẹ̀, ó wá gbá a dé 375.

Kò tíì pé oṣù méjì sí i, ní 6 oṣù Kẹfà, ó tún ṣe òmíì fún kílọ́ọ̀bù Warwickshire ní Edgbaston nígbà tí wọ́n ń bá Durham gbá. Nígbà tó ṣì wà ní 12 bọ́ọ̀lù wó igi ẹ̀, àmọ́ ẹni tó jù ú ti tẹ ẹsẹ̀ kọjá ìlà, wọ́n ò kà á. Nígbà tó dé 18, Chris Scott tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn igi mú bọ́ọ̀lù ẹ̀ ó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ká ní kò bọ́ ni, Lara ì bá ti jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn pẹ̀lú 111, ó ti dé 285 kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán, 418 nígbà tí wọ́n lọ mu tíì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí ó wà ní 497, bọ́ọ̀lù kan gbá a lórí akoto, ìgbà yẹn ni Keith Piper tí wọ́n jọ ń gbá sọ fún un pé bọ́ọ̀lù méjì péré ló kù o. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Lara rán lọ sí ààlà: 501. Ó ti kọjá 499 tí Hanif Mohammad ọmọ Pàkísítàánì gbá ní 1959. Warwickshire gba ife mẹ́ta lọ́dún yẹn, ìjọba Trinidad sì fún un ní Trinity Cross, oyè tó ga jù nílẹ̀ wọn nígbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le. Wọ́n fi í ṣe balógun West Indies ní 1998, ìjà owó oṣù láàárín àwọn eléré àti àwọn aláṣẹ bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé Sáúsì Áfríkà, wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́, wọ́n tún dá a padà, Sáúsì Áfríkà sì nà wọ́n nínú Test márààrún. Nígbà tí Ọsirélíà wá bá wọn nílé ní oṣù Kẹta 1999, 51 ni gbogbo ikọ̀ kó jọ ní Port of Spain, ìlú Lara gan-an, ojú tì wọ́n gidi. Lara lọ sí Jàmáíkà, ó gbá 213, wọ́n borí. Wọ́n tún lọ sí Bridgetown ní Barbados, 308 ni wọ́n ń lépa, ẹni márùn-ún ti jáde nígbà tí wọ́n wà ní 105, Lara àti Jimmy Adams wá kó 133 lé e kí Adams tó jáde, Curtly Ambrose náà dúró tì í pẹ́ títí, nígbà tó kù run mẹ́fà Ambrose jáde. Ẹni tó kù láti wọlé ni Courtney Walsh, tí gbogbo ayé mọ̀ pé jíju bọ́ọ̀lù niṣẹ́ ẹ̀, kì í ṣe gbígbá. Walsh ò kó run kankan, ó kàn ṣáà dáàbò bo igi ẹ̀ ni, Lara wá gbá mẹ́rin tó parí eré, 153, kò jáde. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé nínú gbogbo ohun tó gbá láyé ẹ̀, èyí ló dára jù, ó ju 375 lọ, torí ikọ̀ borí tìtorí ẹ̀.

Irú ìborí bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní 2001 ó lọ bá Muttiah Muralitharan, ògbóǹtarìgì nínú jíju bọ́ọ̀lù, nílé ẹ̀ ní Siri Láńkà, ó kó 688 run jọ nínú Test mẹ́ta, nínú gbogbo 100 run tí ikọ̀ kó, 42 jẹ́ tiẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní oṣù Kẹwàá 2003 Matthew Hayden ọmọ Ọsirélíà gbá 380 sí Sìmbábúwè, ó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ló lò. Ní 12 oṣù Kẹrin 2004, ní pápá Antigua kan náà, sí Íńgíláǹdì kan náà, Lara gbá 400, kò jáde. Àwọn kan bínú pé ó pẹ́ jù lórí pápá, pé torí orúkọ ara ẹ̀ ni ikọ̀ ò ṣe ráyè borí, ọ̀mì ni eré yẹn já sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Íńgíláǹdì ti na wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra kó tó dọjọ́ yẹn, wọ́n ti lé gbogbo wọn jáde pẹ̀lú 47 péré ní Kingston, ikọ̀ tó wà nírú ipò yẹn nílò ohun tí wọ́n máa fi gbórí sókè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe balógun, Test 47, ó borí 10, ó pàdánù 26. Ife kan tó gbà nípò yẹn ni Champions Trophy ní 2004 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹrin 2007 lẹ́yìn World Cup tí wọ́n gbà lálejò nílé ara wọn, Test 131, 11,953 run, ìgbà 34 ló sì kó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ní run tó bẹ́ẹ̀ nínú Test láyé, àfìgbà tí Sachin Tendulkar kọjá ẹ̀ ní 2008. Pápá ìṣeré kan wà ní Tarouba ní Trinidad tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè, ó sì ti ṣe kóòṣì ikọ̀ kríkẹ́ẹ̀tì Sunrisers Hyderabad ní Íńdíà.

Ní oṣù Keje 2025, Wiaan Mulder tó ṣe adelé balógun Sáúsì Áfríkà nígbà yẹn dé 367 sí Sìmbábúwè ní Bulawayo, àyè wà dáadáa fún un, àmọ́ ó ní kí ikọ̀ òun dáwọ́ gbígbá dúró. Ó ní Lara ló yẹ kó máa ní 400 yẹn lọ.