Ìbí ìyanu nínú ẹ̀sìn àti ìtàn ìwáṣẹ̀

Ìbí ìyanu ni bíbí tí ìtàn ẹ̀sìn tàbí ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé kò tẹ̀lé ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń gbà wáyé, yálà nítorí pé ìyá ọmọ náà kò mọ ọkùnrin, tàbí pé ó ti kọjá ọjọ́ orí ìbímọ, tàbí pé àmì kan tí ojú kì í sábà rí wà lára ọmọ náà nígbà tó bọ́ sáyé. Nípa ọba, wòlíì àti òrìṣà ni a sábà máa ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà kan ààfin, ó sì kan ilé mẹ̀kúnnù, nítorí ọmọ ẹnikẹ́ni lè mú àmì tirẹ̀ tọ̀run wá.

Ìtàn ìbí Ọ̀rànmíyàn, ẹni tí wọ́n ní ó tẹ Ọ̀yọ́-Ilé dó, ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní Ògún mú obìnrin kan lójú ogun, ó sì bá a lò pọ̀ kí Odùduwà tó fi obìnrin náà ṣe aya. Nígbà tí ó bímọ, apá kan ara ọmọ náà pupa bíi ti Odùduwà, apá kejì sì dúdú bíi ti Ògún. Ìyanu tó wà níbí kì í ṣe ti àìní bàbá, bí kò ṣe ti níní bàbá méjì, ohun tí ìtàn náà sì ṣe fún Ọ̀yọ́ kò kéré: láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ni adé ti wá, láti ọ̀dọ̀ ìkejì ni agbára ogun.

Àwọn ọmọ àmútọ̀runwá ni ti gbogbo ilé. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, to orúkọ wọn sínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ṣáájú ni Ìgè. Ẹni tó da ojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Bí ìwọ́ bá lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn, ọkùnrin a máa jẹ́ Òjó, obìnrin a sì máa jẹ́ Àìná. Òkè ni ọmọ tí a bí pẹ̀lú àpò omi tó yí i ká nínú ìyá rẹ̀, tí kò tíì bẹ́. Dàda ni ẹni tí irun rẹ̀ ti ta kókó láti inú ìyá rẹ̀, orúkọ kan náà tí Dàda Àjàká, Aláàfin tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ṣàngó, jẹ́. A kì í sì í dédé fá irú orí bẹ́ẹ̀ láìṣe ètò tó yẹ. Ìlọ̀rí ló súnmọ́ ìtàn ìbí ìyanu jù lọ, nítorí òun ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún láìtíì rí nǹkan oṣù padà lẹ́yìn ìbímọ tó ṣáájú. Ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn pé ẹyin obìnrin lè jáde kí nǹkan oṣù tó padà, nítorí náà ohun tí àwọn àgbà rí kì í ṣe àlá lásán.

Ìbejì ni ó gba ìtọ́jú jù nínú wọn. Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyéwò wá tọ́ ayé wò. Bí ọ̀kan bá kú, ìdílé a máa gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá a sì máa wẹ̀ ẹ́, a máa fún un lóúnjẹ. Ní Igbó-Ọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ìwádìí ọ̀rúndún ogún rí nǹkan bí ìbímọ ìbejì 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000, èyí tó wà lára àwọn iye tó ga jù láyé.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni aṣáájú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tó parí ní 1884. Nípasẹ̀ ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ ìtàn Sárà, tó bí Ísáákì ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí Ábúráhámù pé ọgọ́rùn-ún, àti ti Hánà, tí àwọn tó ń wojú Olúwa fún ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gbàgbé nínú àdúrà. Mátíù àti Lúùkù nìkan nínú àwọn Ìhìnrere mẹ́rin ló ròyìn bí Màríà, tí kò mọ ọkùnrin, ṣe bí Jésù. Ẹ̀kọ́ tí Póòpù Pius IX kéde ní 1854 yàtọ̀ sí èyí, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ń da méjèèjì pọ̀: oyún tí a fi lóyún Màríà fúnra rẹ̀, láìní ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, ni ó dá lé.

Àwọn Mùsùlùmí gbà pé Màríámù jẹ́ wúńdíá nígbà tó bí Ànábì Ísà, wọn kò sì gbà pé ọmọ Ọlọ́run ni. Súrà kọkàndínlógún nínú Kùránì sọ bí ó ṣe rọbí lábẹ́ igi déètì, tí ọmọ náà sì sọ̀rọ̀ láti gbèjà ìyá rẹ̀. Súrà kẹta fi dídá Ísà wé ti Ádámù, tí a fi erùpẹ̀ dá.

Nínú ìtàn ẹ̀sìn Búdà, Ayaba Maya lálàá pé erin funfun wọ ìhà òun, ó sì bí Siddhartha, ẹni tó wá di Búdà, ní Lumbini, ní Nepal òde òní, níbi tí òpó Ọba Ashoka ṣì dúró sí. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní orí Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn, ni Athena, òrìṣà obìnrin, ti jáde tòun ti ìhámọ́ra. Àwọn Aztec, ará Mẹ́síkò àtijọ́, ní ìṣù ìyẹ́ ẹyẹ ni Coatlicue, òrìṣà wọn obìnrin, fi lóyún òrìṣà Huitzilopochtli.

Lágbo ẹranko, àwọn aláǹgbá àti ẹja ekurá kan wà tí abo wọn ń bímọ láìsí akọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹranko afọ́mọlọ́yàn, nítorí àwọn àbùdá kan wà tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá wá láti ara bàbá. Àwọn tó gba ìbí Jésù gbọ́ kì í sì í gbé e ka orí ìlànà yìí. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ kà á sí.