Òṣùká ni kí ẹ wá, kì í ṣe ìrọ̀rí gíga

Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ihò ẹ̀yìn ẹyinjú ní Kàdúná tàbí Ìbàdàn, tó wá padà sílé ní Kàbà, mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí: "Nọ́ọ̀sì, ṣé mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀?" Rárá o. Ẹ dojú bolẹ̀ fún iye ọjọ́ tí dókítà dá fún yín, ìbáà jẹ́ mẹ́ta, ìbáà jẹ́ méje.

Dókítà ti fi gáàsì sínú ẹyinjú yín nígbà iṣẹ́ abẹ náà, gáàsì kì í sì í gbé ìsàlẹ̀. Ẹ bu omi sínú ìgò láìkún, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ óò rí i pé afẹ́fẹ́ á gba òkè. Ẹ̀yìn ẹyinjú ni ihò náà wà, lára awọ tí a fi ń ríran. Bí ẹ bá dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn di òkè, gáàsì á sì dí i títí tí yóò fi jiná.

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí ló ń bí mi nínú. Ẹ̀ ń to mẹ́ta léra wọn, ọrùn yín á ti gan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣebí ẹ mọ òṣùká tí ẹ fi ń ru iṣu? Tówẹ̀lì nípọn ni kí ẹ ká bẹ́ẹ̀. Iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kó gùn ún, kí imú àti ojú wà nínú ihò àárín rẹ̀, kí nǹkan kan má kan ẹyinjú. Ẹ fi ìrọ̀rí kan sábẹ́ àyà, òmíràn sábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ gbé òṣùká yẹn sórí tábìlì. Ẹ má fi ìgúnpá lásán ti ara yín: iṣan kan gba ibẹ̀ kọjá, ìka kékeré yóò kú tipiri. Bí dókítà bá gbà, ẹ máa dìde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ìkíni wa ń ba iṣẹ́ abẹ jẹ́ níhìn-ín. Ìyá kan ní Ìyàrà gbójú sókè dá gbogbo ẹni tó wá kí i "ẹ kú ewu" lóhùn. Aládùúrà kan tún sọ fún un pé oorun òkú ni ìdojúbolẹ̀, ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn fún òru méjì. Oorun òkú kẹ̀! Kí Kelly àti Wendel, àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, tó kọ ìwé nípa iṣẹ́ abẹ yìí ní 1991, kò sí ohun tí dókítà rí ṣe sí ihò yẹn. Ẹnìkan tún ro omi ewé sí ìyá náà lójú. Nígbà tó fi dọ́dọ̀ mi, ojú ń ta á, ó ń bì. Kò sí ohun tó kàn ju kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ rẹ̀ ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Àbújá, kí màmá má baà jìyà lọ́nà. Mo figbe ta. Gáàsì á wú nínú ojú lókè òfuurufú, ó sì lè fọ́ ojú náà pátápátá. Ẹ má wọ bàálù títí gáàsì yóò fi tán, ìyẹn lè tó oṣù méjì. Ẹ tún sọ fún dókítà yòówù tó bá fẹ́ fi oògùn kùn yín lóorun pé gáàsì wà lójú yín.

Mọ́tò ni wọ́n wọ̀ padà sí Ìbàdàn. Èmi fúnra mi ni mo ká òṣùká lé e lórí itan.