Ayùn ẹlẹ́ńjìnì oníbẹntiróòlù fún iṣẹ́ gẹdú

Ayùn ẹlẹ́ńjìnì oníbẹntiróòlù jẹ́ ẹ̀rọ tí à ń fọwọ́ gbé láti fi gé igi. Ẹ́ńjìnì kékeré ló ń fa ṣéènì eléyín tó ń sáré yí irin pẹlẹbẹ gígùn kan po, irin tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń pè ní bíléèdì. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún oníṣẹ́ gẹdú yàtọ̀ sí èyí tí onílé ń rà láti fi gé igi tó wó sí àgbàlá. Ti oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́dọ̀ ṣeé tú palẹ̀ kí a sì tún un tò, agbára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ láì jẹ́ pé ó wúwo jù. Àwọn tó ń lò ó ni agégi inú igbó, àwọn tó ń tọ́jú igi ìgboro, àwọn panápaná, àti àwọn tó ń la ìtì igi sí pákó.

Bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó ni olùrà kọ́kọ́ máa ń béèrè. Síbẹ̀, ṣéènì àti bí wọ́n ṣe pọ́n ọn ló sábà máa ń sọ bóyá ayùn á gé igi dáadáa.

## Ìtàn

Ṣéènì eléyín ti wà ṣáájú ẹ́ńjìnì. Ní ìparí ọ̀rúndún 18, àwọn dókítà ará Scotland méjì, John Aitken àti James Jeffray, lo irú ṣéènì bẹ́ẹ̀ láti gé egungun; ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á. Andreas Stihl ṣe ayùn oníṣéènì tó ń lo iná mànàmáná ní Jámánì ní 1926. Ní 1927, Emil Lerp dán ti oníbẹntiróòlù wò lórí òkè Dolmar ní Thuringia, ó sì fi orúkọ òkè náà sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Stihl gbé ti bẹntiróòlù tirẹ̀ jáde ní 1929. Àwọn ayùn ìgbà náà wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé wọn, ọ̀kan níbi ẹ́ńjìnì, èkejì ní orí bíléèdì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ayùn tí ẹnì kan lè dá gbé gbòde. Ní 1959, Stihl gbé Contra jáde, tí kò ní jíà tó ń dín ìyára kù láàárín ẹ́ńjìnì àti ṣéènì. Ọdún yẹn náà ni Husqvarna ti Sweden ṣe ayùn ẹlẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi ṣéènì ni àyípadà tó tóbi jù ti wá. Eyín ayùn ìgbà yẹn jọ ti ayùn ọwọ́: ńṣe ló ń họ igi, ó sì ń tètè kú. Joseph Cox, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí ìdin kòkòrò kan tó ń jẹ inú kùkùté. Ìdin náà ń fi ẹnu gé igi sí ọ̀tún, ó ń gé e sí òsì, ó sì ń lọ nínú igi yíyi láìdúró. Ní 1947, Cox bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣéènì tí eyín rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tí ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún tí èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sí òsì. Àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ṣéènì tó wà lórí ayùn lónìí.

## Bí a ṣe ń dá ti oníṣẹ́ mọ̀

Ìyàtọ̀ náà kì í hàn lójú kan. Nínú ayùn oníṣẹ́, magnesium, irin fífúyẹ́ kan, ni wọ́n fi ń ṣe ilé tó gbé ọ̀pá ẹ́ńjìnì dúró, wọ́n sì máa ń de sìlíńdà mọ́ ọn lọ́tọ̀, kí mẹkáníìkì lè pààrọ̀ písítìnì láì tú gbogbo rẹ̀. Ike ló sábà máa ń pọ̀ nínú ti onílé. Ti oníṣẹ́ tún máa ń ní asẹ́ afẹ́fẹ́ tó tóbi, sípíríǹgì tó ya ìdìmú kúrò lára ẹ́ńjìnì kí gbígbọ̀n má baà dé ọwọ́, àti, nínú èyí tó tóbi, fáàfù kékeré tó ń dín agbára tí a fi ń fa okùn tó ń tan ẹ́ńjìnì kù. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà kékeré tún kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ṣe fúnra wọn bí ojú ọjọ́ tàbí gíga ilẹ̀ bá yí padà. M-Tronic ni Stihl ń pe tirẹ̀, AutoTune ni Husqvarna ń pe tirẹ̀.

## Yíyan ẹ́ńjìnì àti bíléèdì

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí a fi yan ayùn, kì í ṣe igi ńlá kan tí a lè má tún rí. Ayùn tó tó 50 cc (cc ni ìwọ̀n àyè inú sìlíńdà ẹ́ńjìnì) dára fún rírẹ́ ẹ̀ka àti igi tí kò tóbi. Àpẹẹrẹ ni Stihl MS 261, tó jẹ́ 50.2 cc. Láàárín 60 sí 75 cc ni ọ̀pọ̀ agégi máa ń dúró sí, nítorí pé ó lè bẹ́ igi ńlá lulẹ̀, kò sì wúwo jù láti fi rẹ́ ẹ̀ka lẹ́yìn náà. Husqvarna 572 XP (70.6 cc) àti Stihl MS 462 (72.2 cc) wà nínú ìwọ̀n yìí. Láti 90 cc sókè jẹ́ fún igi fífẹ̀ àti fún lílà pákó. Stihl MS 881, tó jẹ́ 121.6 cc, wà lára àwọn tó tóbi jù lọ lórí àtẹ; kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé rìn ká inú igbó bí kò bá ní ìdí pàtàkì.

Bíléèdì gígùn máa ń wu ojú, àmọ́ bó bá ṣe gùn tó ni eyín tó wà nínú igi lẹ́ẹ̀kan náà á ṣe pọ̀ tó, ẹrù ẹ́ńjìnì á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé láti apá méjèèjì lè gé igi tí ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gígùn bíléèdì. Bíléèdì kúkúrú tún ń mú kí ayùn fúyẹ́ níwájú, ó sì rọrùn láti pọ́n ṣéènì rẹ̀.

## Ṣéènì

Ìwọ̀n mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu kí ṣéènì tó lè wọ ayùn. Àkọ́kọ́ ni àlàfo àárín àwọn ìdè rẹ̀. A máa ń ka ìdè mẹ́ta tó tẹ̀ léra, a ó wọn láti àkọ́kọ́ dé ìkẹta, a ó sì pín in sí méjì. Ínǹṣì ni wọ́n fi ń pè é: .325, 3/8 àti .404 ló wọ́pọ̀ lára ayùn oníṣẹ́. Ìkejì ni nínípọn ẹsẹ̀ ṣéènì tó ń wọ inú ihò bíléèdì, tó sábà máa ń jẹ́ 1.3, 1.5 tàbí 1.6 mílímítà. Ìkẹta ni iye ẹsẹ̀ náà. Bí àlàfo ṣéènì kò bá bá ti jíà tó ń fà á mu, yóò jẹ jíà náà títí yóò fi bàjẹ́.

Eyín onígun mímú ló ń yára gé jù, pàápàá nínú igi tútù tó mọ́. Eyín onígun róbótó kò yá tó o, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó kú bí èèpo igi bá ní iyanrìn tàbí bí igi bá ti gbẹ. Àwọn panápaná tó ń gé òrùlé máa ń lo ṣéènì tí wọ́n fi carbide, èròjà tó le gan-an, bo eyín rẹ̀. Ẹni tó ń la ìtì lóròó sí pákó nílò ṣéènì tí igun pípọ́n rẹ̀ wà ní nǹkan bí digíríì 10, dípò 25 sí 35 tí wọ́n ń lò fún gígé ní ìbú.

Bí a bá wo eyín kan nítòsí, apá méjì ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ eyín ló ń já fọ́nrán igi. Orí eyín sì ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń ká a kúrò bí irin ìfági káfíńtà. Níwájú eyín ni ṣóńṣó kan wà tó kúrú díẹ̀ sí i. Ṣóńṣó ìdíwọ̀n yìí ló ń sọ bí eyín á ṣe bu igi jẹ tó, ìyàtọ̀ gíga àwọn méjèèjì sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 0.65 mílímítà. Bí a ti ń pọ́n eyín ló ń kúrú, nítorí náà a ní láti máa rẹ ṣóńṣó náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí èyí, ayùn á kàn máa fò lórí igi bí eyín tilẹ̀ mú. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ jù, ayùn á máa já igi gbà, ewu pé kó ta padà á sì pọ̀ sí i.

Fáìlì róbótó ni a fi ń pọ́n eyín. Fún .325, fáìlì 4.8 mílímítà ló wọ́pọ̀. Fún 3/8, 5.2 tàbí 5.5, fún .404, 5.5. A ó gbé fáìlì náà kí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ yọ sókè orí eyín, a ó sì tì í láti inú eyín bọ́ síta. A kì í fà á padà lórí eyín, nítorí iwájú nìkan ni fáìlì ń jẹ irin sí. Tí a bá ti pọ́n eyín apá kan tán la tó yí sí apá kejì, iye ìgbà tí a sì ti fáìlì lórí eyín kan la ó tì í lórí èkejì. Ayùn tó ń gé wọ́rọ́kọ́, tó ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ni èyí tí eyín apá kan rẹ̀ gùn tàbí mú ju ti apá kejì lọ.

Ìmọ́lẹ̀ la fi ń yẹ eyín wò. Bí a bá yí i sí oòrùn tí ìlà funfun tín-ín-rín kan ń dán ní etí rẹ̀, eyín náà ti kú; etí tó mú kò ní ojú tí ìmọ́lẹ̀ lè dúró lé. Eérún tó ń jáde náà ń sọ̀rọ̀. Ṣéènì tó mú ń tu eérún ńláńlá, èyí tó kú ń tu ìyẹ̀fun lúbúlúbú, agégi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára tẹ ayùn mọ́lẹ̀. Ìfaragbá kan ṣoṣo pẹ̀lú ilẹ̀ tàbí òkúta tó láti pa gbogbo eyín náà.

Ṣéènì ń gùn bó bá gbóná, ó sì ń sún kì bó bá tutù. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bíléèdì, kó sì tún ṣeé fi ọwọ́ fà yípo nígbà tí búréèkì bá wà ní títú. Ẹni tó bá fún un le nígbà tó gbóná gbọ́dọ̀ dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kó má baà fún ọ̀pá ẹ́ńjìnì bó bá tutù.

## Epo

Ẹ́ńjìnì two-stroke, tí písítìnì rẹ̀ ń parí iṣẹ́ ní lílọ àti bíbọ̀ kan, ni ọ̀pọ̀ ayùn wọ̀nyí ń lò. Kò ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú, inú bẹntiróòlù ni a ń pò ó mọ́. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lónìí ni 50:1, ìyẹn ni mílílítà 20 ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù kan. Bẹntiróòlù lásán máa ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá tú u, yóò rí ìlà họ́họ́ lára písítìnì, ó sì lè yí i po látòkè délẹ̀. Bí ìlà náà bá wà ní apá ibi tí èéfín ń gbà jáde nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ ju epo lọ, bíi kí páìpù kan ti lu. Epo tí a ti pò kò yẹ kó pẹ́ ju oṣù kan lọ nínú kẹ́ẹ̀gì, pàápàá bí ethanol (ọtí líle) bá wà nínú rẹ̀.

Ọ́ìlì ṣéènì yàtọ̀ sí èyí, táńkì tirẹ̀ ló wà. Bí a bá na orí bíléèdì sí ojú kùkùté tó mọ́, tí a sì tẹ iná, ó yẹ kí ìlà ọ́ìlì fọ́n sójú rẹ̀. Bí kò bá sí, ihò ọ́ìlì ti dí.

## Lílò

Búréèkì gbọ́dọ̀ wà ní títẹ̀ kí a tó fa okùn. Ayùn á wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú ìdìmú ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì lórí ìdìmú iwájú. Àwọn kan máa ń jù ú sílẹ̀ láti ọwọ́ bí wọ́n ti ń fa okùn. Ìwé ìlò máa ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà iṣẹ́, àtàǹpàkò òsì gbọ́dọ̀ yí ìdìmú po.

Ewu tó gbajúmọ̀ jù ni títa padà. Bí apá òkè orí bíléèdì bá kan igi nígbà tí ṣéènì ń sáré, ayùn á ju ara rẹ̀ sókè sí ẹni tó gbé e, kíákíá débi pé onítọ̀hún kò ní lè ṣe nǹkan kan. Búréèkì òde òní máa ń dá ṣéènì dúró bí ẹ̀yìn ọwọ́ bá tì í tàbí bí ayùn bá fò lójijì.

Bíbẹ́ igi lulẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tó nílò olùkọ́ lójúkorojú. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé a ó la ẹnu sí igi ní ìhà tí a fẹ́ kó wó sí, kó jìn tó ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀. A ó wá gé e láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a kò ní gé e já: a ó fi okùn igi kan sílẹ̀ láàárín tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú náà, òun ni yóò darí igi bó ti ń wó. A gbọ́dọ̀ ti ro ọ̀nà àsálà sílẹ̀ ní ẹ̀yìn, ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn wà ní ibi tí kò jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi náà.

## Aṣọ ààbò àti ìlera

Ṣòkòtò agégi ní ìpele fọ́nrán gígùn nínú tó ń tú jáde dí jíà ayùn bí ṣéènì bá gé e. ISO 11393, ìlànà àgbáyé kan, ló ṣètò rẹ̀, ó sì pín in sí kíláàsì nípa ìyára ṣéènì: kíláàsì 1 jẹ́ mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kíláàsì 2 jẹ́ 24, kíláàsì 3 jẹ́ 28. Akoto, ìbòjú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó ní irin níwájú tún pọn dandan. Ariwo ayùn oníṣẹ́ máa ń kọjá 100 dB(A), ìyẹn ìwọ̀n ariwo, létí ẹni tó gbé e, nítorí náà ìbòtí kì í ṣe àṣàyàn.

Gbígbọ̀n ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè fa àìsàn tí ìka fi ń funfun tó sì ń kú tipiri nínú òtútù. Òfin 2002/44/EC ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi 5 m/s² ṣe òpin gbígbọ̀n fún wákàtí 8 iṣẹ́, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbésẹ̀ láti 2.5. Ṣéènì tó kú máa ń mú gbígbọ̀n pọ̀ sí i.

## Èéfín àti ayùn onibátìrì

Ẹ́ńjìnì two-stroke àtijọ́ máa ń jẹ́ kí epo tí kò jó bá èéfín jáde. Nínú àwọn tuntun, afẹ́fẹ́ mímọ́ ló kọ́kọ́ ń lé èéfín jáde kí epo tó wọlé, èyí sì ń dín epo tí ayùn ń jẹ kù. Stihl MS 500i, tó jáde ní 2019, kò ní kábúrétọ̀. Ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ló ń wọn epo sínú rẹ̀. Ayùn onibátìrì ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kékeré, pàápàá ní ìgboro tí ariwo ti ń yọ aráàlú lẹ́nu. Fún igi fífẹ̀ níbi tó jìnnà sí iná mànàmáná, bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ agégi ṣì ń lò.