Bí oògùn schizophrenia ṣe ń kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀

Awakọ̀ dánfó tó bá fẹ́ kó èrò àkọ́kọ́ ní Sábó, n'Íkòròdú, lọ sí Mile 12, ìdájí ló ń jí. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń lo oògùn schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, aago tó lo oògùn lálẹ́ àná kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni oògùn yìí ń dí, ohùn àti ìfura á sì rọlẹ̀. Àmọ́ dopamine yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yá. Ìdí nìyẹn tí haloperidol, ọ̀kan nínú àwọn oògùn yìí tí wọ́n ṣe jáde ní 1958, fi lè mú kí iṣan le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n lórí sítíárìn, tàbí kí ẹsẹ̀ má gbélẹ̀ lójú kan. Artane tí wọ́n fi ń tú iṣan náà lè mú kí ojú máa ríran bàìbàì. Ní ti olanzapine àti clozapine, tí wọ́n jẹ́ oògùn schizophrenia bákan náà, oorun ni tiwọn, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ àti nígbà tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un.

Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń jẹ ohun tó lé ní mítà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé orí bíréèkì, mítà 8 ti lọ. Ọmọ tó ń gbé bùrẹ́dì sọdá ní Ògólóńtò kò ní mítà 8 láti fi tọrẹ. Pàrágà tí wọ́n ń mu ní gáréèjì tún ń sọ oorun oògùn di ìlọ́po.

Ohun tó burú jù ni kí èèyàn dá oògùn dúró nítorí àtiwakọ̀. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń pín ọkàn níyà. Ẹni tó dá a lójú pé mọ́tò ẹ̀yìn ń lépa òun lè já wọ ojú ọ̀nà ẹlòmíì. Síbẹ̀, ó dunni pé orúkọ àìsàn yìí nìkan ti tó lójú ọ̀pọ̀ èèyàn láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí àìsàn náà bá dìde sí gbọ́dọ̀ dẹ́kun wíwakọ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ fún oṣù 3, tó ń lo oògùn déédéé, tí oògùn náà kò sì dí i lọ́wọ́, ó lè padà sídìí mọ́tò ara rẹ̀. Ti bọ́ọ̀sì akérò sábà máa ń gba oṣù 12.

Dókítà lè yí oògùn padà, ó lè dín in kù, ó sì lè ní kí wọ́n máa lò ó ní ìrọ̀lẹ́ dípò òru. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aago mẹ́rin ìdájí ni mọ́tò ń gbéra, kọ̀ńdọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló sì lè kọ́kọ́ rí i pé bíréèkì ti ń pẹ́.