Ìyẹ̀fun Tó Rì ní New York: Ibi Tí Ìwádìí Jàǹbá Tọ́ọ̀gì Ti Ṣẹ̀

Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni iṣẹ́ ìwádìí jàǹbá tọ́ọ̀gì, ọkọ̀ omi tó ń fa ọkọ̀ mìíràn, ti ṣẹ̀, n kò ní tọ́ka sí ọ́fíìsì ìjọba kankan. Kóòtù ni màá tọ́ka sí, kóòtù New York gan-an, níbi tí àwọn oníṣòwò tí ẹrù wọn rì ti ń bá àwọn olówó tọ́ọ̀gì ṣẹjọ́. Mo mọ̀ pé Board of Trade, ẹ̀ka ìjọba ìlú Ọba tó ń bójú tó ìṣòwò, tàbí àwọn ayẹ̀kọ̀wò ìjọba Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń gbé adé yìí fún. N ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé etí omi Àpápá ti rí tọ́ọ̀gì: ọkọ̀ kúkúrú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ omi, tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju ìrísí rẹ̀ lọ. Òun ní í fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, òun náà ní í ti báàjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì gba orí odò. Kì í dá rìn, ibẹ̀ sì ni jàǹbá rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ yòókù. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọkọ̀ méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ mẹ́wàá nígbà mìíràn. Okùn ló so wọ́n pọ̀, olówó wọn sì lè yàtọ̀ síra. Ta ló ń darí? Ta ló so okùn? Ta ló yẹ kó ti gbọ́ pé ìjì ń bọ̀?

Kí ẹ̀rọ tó dé, bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ fún ọkọ̀ ìgbòkun lẹ́nu èbúté, àwọn ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn ń fi àjẹ̀ wà ló ń fà á wọlé. Okùn ti ń já láti ìgbà náà, ọkọ̀ sì ti ń gbá òkúta. Báwo ni wọ́n ṣe ń wádìí rẹ̀? Òfin Oléron, òfin òkun àtijọ́ tó gba orúkọ erékùṣù kan ní ilẹ̀ Faransé, sọ pé bí afinimọ̀nà ọkọ̀ bá fi àìmọ̀kan ba ọkọ̀ jẹ́, tí kò sì ní ohun tó lè fi san án, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè bẹ́ ẹ lórí. Ọrùn ẹni kan ni wọ́n ń wá, bí wọ́n bá ti rí i, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn ará England ní àṣà tiwọn tó tún yani lẹ́nu ju èyí lọ. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tó pa ènìyàn gan-an ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Bí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá tẹ ènìyàn pa, kẹ̀kẹ́ náà tàbí iye owó rẹ̀ di ti ọba. Deodand ni wọ́n ń pe àṣà yìí. Ọkọ̀ tó pa ènìyàn lórí odò wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó pa ènìyàn lórí òkun kò sí níbẹ̀. Ọdún 1846 ni wọ́n tó pa á rẹ́, nígbà tí rélùwéè àti ọkọ̀ onísítíìmù ti ń pa ènìyàn púpọ̀. Mo ya sí ọ̀nà yìí nítorí pé ó jẹ́ ká rí ohun tí kò sí nílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n mọ bí a ṣe ń jẹ ènìyàn níyà, wọ́n mọ bí a ṣe ń gba irin. Kò tíì sí ẹni tó ń béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀.

Àbí ó ti wà? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1736, Jonathan Hulls, ará England, gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ kan tí ẹ̀rọ onísítíìmù yóò máa wà. Iṣẹ́ tó yàn fún un ni kó máa fa ọkọ̀ mìíràn wọ èbúté àti jáde nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ tàbí tó bá ń lòdì sí i. Nínú ìwé pélébé tó tẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ń dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń rò pé ìgbì yóò fọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: tọ́ọ̀gì kò tíì sí, àwọn ènìyàn ti ń béèrè bí yóò ṣe bàjẹ́. Ní tèmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn atukọ̀ ló bi í ní ìbéèrè wọ̀nyẹn, torí ẹni tó ti rí i tí ìgbì ṣẹ́ òpó ìgbòkun ni irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń wá sí lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni Charlotte Dundas dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1803, ọkọ̀ onísítíìmù tí William Symington ṣe yìí fa báàjì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 70 tọ́ọ̀nù, lórí odò àgbẹ́ Forth and Clyde ní Scotland títí dé Glasgow, afẹ́fẹ́ líle sì ń kọjú ìjà sí i. Kò sí ẹni tó kú, kò sí báàjì tó rì. Síbẹ̀ àwọn olówó odò àgbẹ́ náà kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ìgbì tó ń dá sílẹ̀ yóò jẹ etí odò. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí a bá wá ẹni àkọ́kọ́ tó wo tọ́ọ̀gì tó ní, “Bí èyí bá ba nǹkan jẹ́, ta ni yóò san án?”, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni màá dárúkọ. Owó ló gbé wọn dìde, àwọn olówó náà ni yóò sì tún gbé ìyókù ìtàn yìí dìde. Ní 1817 wọ́n kan ọkọ̀ kan ní Scotland tí wọ́n sọ ní Tug, orúkọ náà sì ràn mọ́ gbogbo irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dá àwọn tó ń gbé ìjọba lárugẹ lóhùn. Òótọ́ ni pé òfin 1846 fún Board of Trade lágbára láti rán ènìyàn lọ wádìí jàǹbá ọkọ̀ onísítíìmù. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1838, tí wọ́n sì dá àjọ ayẹ̀kọ̀wò sílẹ̀ ní 1852. Ṣùgbọ́n bọ́ílà ló ń bà wọ́n lẹ́rù, torí bọ́ílà ló ń bú gbàmù tó ń pa èrò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísù wá rọ́pò sítíìmù, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà bọ́ kúrò lábẹ́ àyẹ̀wò pátápátá, torí “sítíìmù” ni òfin dárúkọ. Iṣẹ́ tí a lè fi pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sá fún báyẹn kò lè jẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun tí mò ń sọ.

Kóòtù ni ẹ jẹ́ ká padà sí. Ní 1860, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ kan láti èbúté New York. Tọ́ọ̀gì Hector ń gbé ọkọ̀ Wisconsin lọ, wọ́n so wọ́n mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, Republic. Ilé ẹjọ́ wò ó pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Hector ni gbogbo ìdarí wà, wọ́n dá Wisconsin sílẹ̀, wọ́n di ẹ̀bi ru tọ́ọ̀gì nìkan. Ẹ kíyè sí i pé kí wọ́n tó dájọ́, wọ́n ní láti mọ ẹni tó dúró síbo, ẹni tó ń pàṣẹ, àti ibi tí okùn wà.

Èyí tó wá jẹ́ orí fún gbogbo rẹ̀ ni ti T. J. Hooper. Ní oṣù Kẹta ọdún 1928, ìjì bá tọ́ọ̀gì méjì, Montrose àti T. J. Hooper, ní etíkun New Jersey níbi tí wọ́n ti ń fa báàjì èédú láti Virginia bọ̀ wá sí New York. Báàjì méjì rì. Ìwádìí kóòtù fi hàn pé rédíò ìjọba láti Arlington ti kéde ojú ọjọ́ náà, àwọn tọ́ọ̀gì mìíràn tí rédíò wọn ń ṣiṣẹ́ sì ti yà sí ibi ààbò ní Delaware. Rédíò tó wà nínú Montrose àti Hooper kò ṣiṣẹ́. Ti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ fúnra wọn ni, ilé iṣẹ́ kò rà fún wọn. Àwọn olówó tọ́ọ̀gì ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn náà kò ní rédíò. Adájọ́ Learned Hand, tó kọ ìdájọ́ ìpẹ̀jọ́ ní 1932, kò gbà. Ó ní àwọn ìṣọ́ra kan wà tó ṣe kókó débi pé bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ pa wọ́n tì, ìyẹn kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kò wá ọrùn, kò gba irin fún ọba. Ohun tí kò sí nínú ọkọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló ń wá.

Adájọ́ yìí kan náà ló tún gbọ́ ti Anna C. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní 1944, báàjì yìí kún fún ìyẹ̀fun ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n so ó mọ́ èbúté Pier 52 ní Manhattan, báàjì márùn-ún mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síta. Tọ́ọ̀gì Carroll wá yọ báàjì kan ní èbúté tó kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yẹ okùn wò, wọ́n tú èyí tó so ẹgbẹ́ báàjì Anna C pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ báàjì ti èbútè kejì. Kò pẹ́ rárá tí báàjì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi já gbọnrangandan, tí ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ gbé wọn lọ. Pùròpẹ́là ọkọ̀ epo kan lu Anna C nísàlẹ̀, ó dà ìyẹ̀fun rẹ̀ sódò, ó rì.

Ohun tó dùn mí jù nínú ẹjọ́ náà nìyí: tọ́ọ̀gì méjì sáré wá gbà wọ́n, àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rọ tó lè fa omi inú báàjì jáde. Wọn ò mọ̀ pé Anna C ti lu ni. Ẹni tó yẹ kó wà nínú báàjì náà kó sì ké sí wọn ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wákàtí mọ́kànlélógún ni kò fi sí níbẹ̀. Hand wá gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1947: ẹ wo bí jàǹbá ṣe lè wáyé tó, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n òfò tó lè mú wá, bí ìnáwó láti dènà rẹ̀ bá kéré sí èyí, ẹni tó kọ̀ láti ná an jẹ̀bi. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òfin káàkiri Amẹ́ríkà ń kọ́ ọ títí dòní. Àwọn kan ní ẹ̀bi ni kóòtù ń wá, pé ìwádìí tòótọ́ kì í dá ẹ̀bi. Ẹ ka ẹjọ́ méjèèjì yìí kí ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ìwádìí.

Ìyókù kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, NTSB, àjọ Amẹ́ríkà tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1993, tọ́ọ̀gì Mauvilla ṣìnà nínú kùrukùru nítòsí Mobile, Alabama, báàjì rẹ̀ sún afárá rélùwéè kúrò láyè ní bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ọkọ̀ ojú irin sì já sómi: ènìyàn 47 kú. NTSB rí i pé atukọ̀ náà kò kọ́ṣẹ́ rédà tó, èyí sì bá ọ̀rọ̀ rédíò Hooper mu. Ní 2002, báàjì tọ́ọ̀gì mìíràn wó afárá Webbers Falls ní Oklahoma, ènìyàn 14 kú. Òfin 2004 dá tọ́ọ̀gì padà sábẹ́ àyẹ̀wò, ìlànà rẹ̀ jáde ní 2016. Lórí odò Clyde, tí odò àgbẹ́ Charlotte Dundas ṣàn sí, tọ́ọ̀gì Flying Phantom dojú dé nínú kùrukùru ní 2007, mẹ́ta nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin kú, MAIB, àjọ ìlú Ọba tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ojú omi, ló wádìí rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ wa, tọ́ọ̀gì Jascon-4 ni gbogbo ayé mọ̀. Ó dojú dé nítòsí Escravos ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2013 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjìlá. Lẹ́yìn bí 60 wákàtí, àwọn amòòkùn tí wọ́n rò pé òkú nìkan ni àwọn wá kó bá alásè ọkọ̀ náà láàyè níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti há, ní 30 mítà sábẹ́ omi. Òun nìkan ló là á já. Àjọ tó ń wádìí jàǹbá bàálù ní Nàìjíríà kò ní àṣẹ kankan lórí ọkọ̀ ojú omi nígbà náà. Òfin 2022 tó sọ ọ́ di NSIB ló fi ojú omi àti ojú irin kún iṣẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí Jascon-4 rì.